Orí Kẹfà: Àgùntàn Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ń Gbẹ

Ẹ má wo ìwo àgbò kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ní àwọn ọjà ẹran bíi Alába Rago, Káárà àti Akínyẹlé, ìwo ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń kọ́kọ́ dì mú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹran láti mọ bó ṣe sanra tó. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ pa á lọ́la. Ẹni tó fẹ́ sìn ín gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, abẹ́ ìpéǹpéjú sì ni a ti ń rí ìyẹn kíákíá jù lọ.

Ẹ mú ẹran náà jáde síta gbangba, kí ojúmọmọ tàn sí i lójú; òjìji abẹ́ àtíbàbà máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò kan rọra tẹ ìpéǹpéjú òkè kí ẹyinjú lè sún wọlé díẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò kejì fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Awọ inú tó yọ síta yẹn ni ẹ ń wò. Bó bá pupa yòò, kò séwu. Bó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ fura. Bó bá funfun báláú, ẹran náà ti ń bá ikú ṣeré. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹran ní South Africa ló sọ àyẹ̀wò yìí di káàdì aláwọ̀ márùn-ún tó ń jẹ́ FAMACHA: 1 ló pupa jù, 5 ló funfun pátápátá. Ṣùgbọ́n nítorí aràn kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe nítorí àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ojú funfun ń sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ, kò sọ ẹni tó ń gbé e lọ.

Àṣà tó gbilẹ̀ láàárín wa ni pé bí àgùntàn bá ti ń rù, abẹ́rẹ́ ló kàn. A ó ra èyí tí aládùúgbò ní ó ṣiṣẹ́ fún tòun, a ó gún un. Bí kò bá ràn án, a ó gún òmíràn. Nígbà tó bá fi di abẹ́rẹ́ kẹta, owó tí à bá fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ti bá oògùn lọ, ẹran náà kò sì lè dìde mọ́. Gbogbo ohun tí orí yìí fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ mọ olè náà kí ẹ tó yọ kùmọ̀.

Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀

Trypanosoma ni a mọ̀ jù nínú wọn. Àwọn darandaran tó ń sọ Haúsá ń pe àrùn rẹ̀ ní sámóre. Irú mẹ́ta ló ń bá àgùntàn jà ní ilẹ̀ wa: vivax, congolense àti brucei. Ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀, eṣinṣin tsetse ló sì ń gbé wọn láti ara ẹran kan sí òmíràn. Akọ àti abo eṣinṣin yìí, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ wọn. Ẹ lè dá a mọ̀ nígbà tó bá bà síbì kan: á ká ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì lé ara wọn lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á sì nà tààrà síwájú. Àwọn irú rẹ̀ kan, bíi Glossina palpalis àti Glossina tachinoides, fẹ́ràn igbó etí odò, ibi tí a sábà máa ń da ẹran lọ mumi.

Ẹ má sì rò pé ibi tí kò bá ti sí tsetse ni ẹ ti bọ́. Vivax lè bá ẹnu eṣinṣin amùjẹ̀ mìíràn lọ: àwọn ńláńlá tó ń bu màlúù àti ẹṣin jẹ, àti èyí tó jọ eṣinṣin inú ilé àmọ́ tó ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀ nítòsí ìgbẹ́ ẹran. Bó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran aláìsàn lọ́wọ́, tí ẹran náà fi ìrù lé e, tó wá fò lọ bà lé ẹlòmíràn kí ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ tó gbẹ, ó ti kó o ràn án. Báyìí ni vivax ṣe fìdí múlẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà títí dé Brazil, níbi tí tsetse kankan kò sí, tó sì ń pa àgùntàn níbẹ̀.

Ara ẹran kì í káwọ́ gbera. Ó ń bá a jà, ṣùgbọ́n olè tó ń pààrọ̀ aṣọ ni Trypanosoma: kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó dá aṣọ àkọ́kọ́ mọ̀ tán, ó ti wọ òmíràn. Ìdí nìyí tí ibà rẹ̀ fi ń lọ tó ń bọ̀, tí ẹran á jẹun lónìí, tí kò ní fẹnu kan oúnjẹ lọ́la, tí olówó rẹ̀ á sì máa sọ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ìdí kan náà ni kò fi sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan fún un títí di òní. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí eṣinṣin bá bu ẹran jẹ ni àmì máa ń bẹ̀rẹ̀. Irun rẹ̀ kò ní dán mọ́, kókó tó wà níwájú èjìká rẹ̀ á wú, eegun ìhà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, oyún lè bàjẹ́ lára abo. Ó lè pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó tó kú.

Eégbọn ló ń gbé àwọn yòókù wá. Babesia ń wọ inú hóró pupa, ó ń pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì bẹ́ ẹ. Ibà rẹ̀ ga, ó sì yá. Bí ẹ bá rí àgùntàn tó ń tọ̀ pupa, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ojú rẹ̀ tún ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Anaplasma náà ń ba hóró pupa jẹ́, ṣùgbọ́n ìtọ̀ kì í pupa nítorí tirẹ̀. Ó lè wà lára ẹran fún ọdún pípẹ́ láìṣe nǹkan kan, títí di ọjọ́ tí ebi, òjò, ìrìn àjò tàbí oyún bá dín agbára ẹran náà kù. Èkejì rẹ̀, Mycoplasma ovis, lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn hóró pupa ni, ọmọ àgùntàn ló sì máa ń nira fún jù. Ní ti gidi, bakitéríà ni Anaplasma àti Mycoplasma. Olùsìn ẹran lè má rí èrè nínú mímọ ìyẹn títí ọ̀rọ̀ á fi kan oògùn: ohun tó ń pa Trypanosoma kò ràn wọ́n rárá.

Ẹnìkan wà tí kì í sọ ojú di funfun, mo sì fi í síbí kó má bàa tàn yín jẹ. Ehrlichia ruminantium ni. Inú awọ òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, eégbọn ńlá alárà-bárà tó ń jẹ́ Amblyomma variegatum ló ń gbé e wá. Ara ẹran á gbóná lójijì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa gbẹ́sẹ̀ sókè jù nígbà tó bá ń rìn tàbí kó máa yí po lójú kan, lẹ́yìn náà ni á ṣubú, á máa fẹsẹ̀ ta ilẹ̀. Bí dókítà ẹran bá là á lẹ́yìn ikú, omi ló sábà máa ń bá nínú àpò tó yí ọkàn ká. Ọ̀pọ̀ àgbò tí wọ́n ní ayé ló sà sí, eégbọn yìí ló pa wọ́n.

Aràn tó ń fara wé wọn

Haemonchus contortus, aràn tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe FAMACHA, kò gbé inú ẹ̀jẹ̀. Inú àpò ikùn kẹrin ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Aràn kan lè gba nǹkan bíi 0.05 ml lójúmọ́, èyí tó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n 1,000 aràn á gba 50 ml, àgùntàn oní kílò 25 kò sì ní ju nǹkan bíi lítà kan àti ààbọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ méjì. Àsìkò òjò ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń le jù, nígbà tí koríko tútù bá kún fún ọmọ rẹ̀.

Báwo ni ẹ ó ṣe yà á sọ́tọ̀? Tẹmómítà ni, ẹ rà á, kò wọ́n. Ẹ fi òróró díẹ̀ sí i, ẹ tì í bọ ihò ìdí ẹran, kí ẹ jẹ́ kó farakan ẹ̀gbẹ́ inú, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí títí tó fi dún. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, nítorí ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé á gbóná láìsí àrùn. Láàárín 38.5 sí 39.5 ni ti àgùntàn tí ara rẹ̀ le. Bó bá kọjá 40 ní àárọ̀ tútù, tí ojú rẹ̀ sì funfun, ọ̀nà inú ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ara rẹ̀ kò bá gbóná, tí ojú rẹ̀ funfun, tí omi sì kó sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tó wú rọ̀bọ̀tọ̀, aràn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ fura. Ibà Trypanosoma máa ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, àwọn méjèèjì sì lè wà lára ẹran kan náà, pàápàá lẹ́yìn òjò. Nítorí náà tẹmómítà kò lè gba iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ṣe.

Kí ẹ tó gún un

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta ń ṣe é, dókítà ẹran tó wà nítòsí yín náà á mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Oríṣi méjì ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n nílò. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kán kan láti etí: a ó fá irun etí, a ó nù ún mọ́, a ó gún iṣan kékeré, a ó sì fa ẹ̀kán náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí dígí pẹlẹbẹ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú afẹ́fẹ́, ẹ dáàbò bò ó kí eṣinṣin má bàa lá a, ẹ má fi sínú fíríìjì. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ láti ọrùn, nínú ìgò kékeré tí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, èyí tó ní ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ rọra dà á síwá sẹ́yìn. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi í sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ẹ fi aṣọ tàbí ìwé ìròyìn sáàárín kí ìgò má bàa kan yìnyín, kí ó sì dé ilé àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, ní wákàtí mélòó kan sí ìgbà tí ẹ fà á. Trypanosoma tètè ń kú nínú ooru. Ẹ̀jẹ̀ tó sùn sínú mọ́tò lè mú èsì wá pé kò sí nǹkan kan.

Ohun méjì ni kí ẹ béèrè níbẹ̀. Èkíní ni kí wọ́n wá kòkòrò náà. Èkejì ni ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní PCV, ìyẹn ni pé nínú 100 ìdá ẹ̀jẹ̀, mélòó ni hóró pupa. Fún àgùntàn, láàárín 27 sí 45 ló yẹ kó wà. Bó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 20, ẹ má jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́. Bó bá sún mọ́ 15, ẹran tí ẹ bá lé lásán lè ṣubú kú lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn kò rí kòkòrò, àmọ́ tí gbogbo àmì ṣì wà, ẹ tún gbé ẹ̀jẹ̀ mìíràn lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó ń pọ̀, ó ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ lọ lè jẹ́ ọjọ́ tó sá pamọ́.

Oògùn

Fún Trypanosoma, diminazene aceturate ni oògùn tí ẹ ó máa bá pàdé jù. Fún vivax àti congolense, 3.5 mg ni fún kílò ara kan. Fún brucei, 7 mg. Sáṣẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ ní 1.05 g oògùn náà nínú, èyí tó tó fún màlúù oní kílò 300. Bí ẹ bá pò ó mọ́ omi mímọ́ títí tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 15 ml, àgùntàn oní kílò 25 á gba 1.25 ml. Ẹ wo bó ti kéré tó. Nítorí pé ó kéré yìí ni àwọn ènìyàn fi ń fojú bù ú. Ẹni tó bá fojú bù ú kù lewu ju ẹni tí kò gún nǹkan kan lọ, nítorí kòkòrò tó bá yè lẹ́yìn oògùn tó kéré á kọ́ bí a ṣe ń fara dà á. Kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ ti wà ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Ẹ wọn ẹran. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n ẹran, kí ọkùnrin kan gbé e dúró lórí òṣùwọ̀n ènìyàn, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n ọkùnrin náà kúrò. Inú ẹran ara tó jinlẹ̀ ni kí ẹ gún un sí, kí ẹ sì lo oògùn tí ẹ pò lọ́jọ́ náà. Èyí tó ṣẹ́kù tí ẹ fi sórí fèrèsé di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, omi lásán ni kí ẹ kà á sí.

Isometamidium ni ìkejì rẹ̀. Ó ń wòsàn, ó sì lè dènà àrùn náà fún oṣù méjì sí mẹ́rin, nítorí náà ó wúlò fún agbo tó ń jẹko létí odò. Ó lè jẹ́ kí ibi tí ẹ gún wú. Bí diminazene kò bá ran ẹran kan tí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ sì pé, òun ni dókítà máa ń yí sí. Ẹ má gún méjèèjì pọ̀ nítorí ìkánjú.

Diminazene ń ran Babesia pẹ̀lú, 3.5 mg fún kílò kan. Imidocarb náà wà fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ni mo fi ìyẹn sí. Fún Anaplasma, Mycoplasma àti Ehrlichia, oxytetracycline tó ń pẹ́ lára ni, 20 mg fún kílò kan. Ti Ehrlichia kò gba ìdúró: kí ẹran tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú ni oògùn gbọ́dọ̀ wọlé. Ní ti epo pupa, omi ewúro àti ọṣẹ dúdú tí a ń rọ ẹran mu, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà nípa wọn, ṣùgbọ́n wọn kò pa ọ̀kankan nínú àwọn kòkòrò yìí.

Oògùn á pa kòkòrò. Oúnjẹ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹran tí ẹ wò sàn tí ẹ wá ń fún ní èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan kò ní gbérí bọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní ìyàrá tó ní ìbòòji, omi tó mọ́, èérí àgbàdo, kúlíkúlí díẹ̀ tàbí koríko ẹ̀pà, àti ewé àgunmániyè, èyí tí ILCA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà, dámọ̀ràn fún àgbẹ̀ ẹkùn wa láti Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1980.

Àgbò tuntun, eṣinṣin àti abẹ́rẹ́

Àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa lè gbé Trypanosoma kiri láìṣàìsàn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìran rẹ̀ ló ti bá tsetse gbé. Yankasa, Úda aláwọ̀ méjì àti Balámì funfun gíga, ilẹ̀ gbígbẹ ni tiwọn, wọn kò ní irú ìfaradà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra Balámì láti òkè ọya, tó dà á pọ̀ mọ́ agbo ìbílẹ̀ tó dán tó sanra, á rò pé ibi tí kò sí àrùn ni òun mú un wá. Agbo tó dán yẹn lè jẹ́ ibi tí àrùn fi ṣe ilé. Balámì á kọ́kọ́ ṣubú, wọ́n á ní ojú ọjọ́ ni kò bá a lára mu. Ìlòdì rẹ̀ náà lè ṣẹlẹ̀: eégbọn àti ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbò tí tírélà kó wá lè bá a dé. Nítorí náà, ẹ ya àgbò tuntun sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 30, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì láàárín àsìkò náà, ẹ sì ṣa eégbọn ara rẹ̀ kí ó tó dàpọ̀.

Ìka ọwọ́ ni ẹ ó fi ṣa eégbọn dáadáa: inú etí, abẹ́ ìrù, àárín pátákò, ara ọmú, ara ẹpọ̀n. Amblyomma fẹ́ràn ibi tí irun kò pọ̀ sí. Ẹ má sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ sínú agolo kẹrosíìnì. Lẹ́yìn náà ni oògùn tí a ń dà sẹ́yìn ẹran, bíi deltamethrin, tó ń pa eégbọn tó sì ń pa eṣinṣin tó bá bà. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́kù kan odò. Ó ń pa ẹja. Fún tsetse, àwọn olùwádìí méjì, Challier àti Laveissière, ṣe àpótí ìdẹ aláṣọ kan jáde ní 1973; aṣọ búlúù àti dúdú ni a ń lò fún un báyìí nítorí àwọ̀ méjèèjì yìí ń fa eṣinṣin náà. Télọ̀ àdúgbò lè ran nǹkan tó jọ ọ́. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá odò, ibi tí òjìji pàdé ìmọ́lẹ̀. Ẹ kó ìgbẹ́ jìnnà sí ilé ẹran.

Abẹ́rẹ́ ni ọ̀nà àrùn tí àwa fúnra wa ń ṣí. Ẹni tó ń gún ogún àgùntàn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan ń pín Anaplasma àti Mycoplasma fún wọn, ó sì gbàgbọ́ pé àjẹsára ni òun ń pín. Abẹ́rẹ́ kan fún ẹran kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bẹ ìtẹ̀ àti irin tí a fi ń dá etí lu: ẹ sè wọ́n láàárín ẹran kan sí èkejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ Iléyá. Oògùn máa ń wà nínú ẹran fún ìgbà díẹ̀; iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó pa á wà lára páálí, ti diminazene sábà máa ń jẹ́ 21, ti oxytetracycline tó ń pẹ́ lára máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gún un, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ ka ọjọ́ síwájú. Nítorí náà, oṣù kan àti ààbọ̀ ṣáájú ọdún ni kí ẹ yẹ gbogbo àgbò tí ẹ fẹ́ tà wò. Bí ọ̀kan bá wá ṣàìsàn lẹ́yìn ìgbà náà, ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba kò yẹ fún ìrúbọ ọdún, èyí tí oògùn kò tíì kúrò lára rẹ̀ kò sì yẹ fún ìkòkò. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún oníbàárà tó ti fi owó sílẹ̀ kó lè tètè yan òmíràn.